Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún nípa òkúta sàréè tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Yorkshire ní ilẹ̀ England ni mò ń gbé, mo rí òkúta kan lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n gbẹ́ ọnà bí okùn tó lọ́ mọ́ra sí, wọ́n kàn tò ó sáàárín àwọn yòókù bíi búlọ́ọ̀kù lásán. Ó jọ òkúta sàréè ayé àwọn Viking gan-an, àwọn ará Scandinavia tó wá tẹ̀dó síbí láyé àtijọ́. Ṣẹ́ ẹ mọ ti Brompton, abúlé kan ní Yorkshire níbí, ìgbà tí wọ́n ń tún ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe ní 1867 ni wọ́n rí àwọn òkúta sàréè tó rí bí ilé, tí ère béárì, ẹranko ńlá onírun yẹn, gbá mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún! Mo ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí ọnà ẹ̀ lè yọ, mo ya fọ́tò, mo wá a nínú Corpus of Anglo-Saxon Stone Sculpture, àkójọ àwọn òkúta ọlọ́nà àtijọ́ ilẹ̀ England, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí níbẹ̀. Wọ́n sì ti fẹ́ rẹ́ ògiri yẹn láìpẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, òkúta olóògbé kan mà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fíkà, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni kí n kọ́kọ́ lọ bá ni, àbí onímọ̀ ohun àtijọ́ tó ń gba dáyọ́sìsì (àgbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù) nímọ̀ràn? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an ni o.