Irin tí a ń pè ní "ìlù" kì í ṣe ìlù

Ọ̀gbẹ́ni tí ó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́ni lórí ìjánu (bíréèkì) jíìpù àtijọ́ kan, Land Rover Series, dábàá pé kí a pe irú ìjánu tí ó bá ọkọ̀ náà wá, "drum brake" ní Gẹ̀ẹ́sì, ní "ìjánu onílù", kí a sì pe irú tuntun tí a fi ń rọ́pò rẹ̀, "disc brake", ní "ìjánu aláwo". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ "ìlù". Ìlù ní awọ lójú, a sì ń lù ú. Irin roboto tí ó bo ìjánu yìí kò ní awọ, kò sì sí ẹni tí ń lù ú. Nígbà tí mẹkáníìkì bá pè é ní dúrọ́ọ̀mù, dúrọ́ọ̀mù epo ni ó ń wá sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́, kì í ṣe dùndún.

Ìkòkò ni mo rí nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ jin, irin méjì tí ó tẹ̀ bí ọrun, tí a lẹ láínì, ìyẹn ìbora tí ń ha ògiri ìkòkò náà, mọ́ lára, sì wà níbẹ̀, tí wọ́n máa ń ya síta láti fara ti ògiri rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ ìjánu. Bí ọkọ̀ bá la odò kọjá, omi àti ẹrẹ̀ á dúró sínú rẹ̀ bí ẹni pé a pọn wọ́n sí i. Awakọ̀ á tẹ ìjánu, á bá a ní líle lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ó ṣe yẹ, síbẹ̀ ọkọ̀ á ṣì máa lọ, àfi ìgbà tí ó bá rọra tẹ̀ ẹ́ léraléra títí ooru á fi gbẹ omi náà. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn ẹ̀wẹ̀, ooru á mú kí ìkòkò náà fẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ láínì, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì máa rì sí i. "Ìjánu oníkòkò" sọ ìrísí rẹ̀, ó sì sọ àbùkù rẹ̀. Òun ni ó wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbogbo Land Rover Series, láti 1948 títí di 1985.

"Àwo" kò burú, nítorí pé àwo orin náà pẹlẹbẹ, ó sì ń yí. Ẹ jẹ́ kí ó dúró fún irin náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo kọ́ ni ó ń dá ọkọ̀ dúró. Ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ni irin tí ó fi pádì méjì há àwo náà mọ́ àárín, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi ẹ̀mú di irin gbígbóná mú. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní "ìjánu ẹ̀mú". N kò fẹ́ "ẹlẹ́mùú", nítorí pé bí àmì bá já lórí rẹ̀, ẹlẹ́mu ni òǹkàwé yóò kà.

Àwọn kan kò fẹ́ kí a pe bíréèkì ní ìjánu rárá, wọ́n ní ẹnu ẹṣin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń sọ pé kí ènìyàn kó ara rẹ̀ níjàánu, láìsí ẹṣin níbẹ̀.

"Ọ̀gá sílíńdà", ìyẹn "master cylinder" ní Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kù. Páǹpù ni nǹkan náà, ó ń ti òróró ìjánu lọ sí àwọn páǹpù kéékèèké tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. A ní ìyá ọlọ, a ní ọmọ ọlọ. Kí ni ó dé tí a kò fi lè ní ìyá páǹpù àti ọmọ páǹpù? Ìyá páǹpù tí a ṣe fún ìjánu oníkòkò sábà máa ń fi agbára díẹ̀ pamọ́ sínú páìpù, nǹkan bí 10 psi (psi ni a fi ń wọn bí òróró náà ṣe ń ti nǹkan lágbára tó), nígbà tí ìjánu ẹ̀mú kò fẹ́ ju bí 2 psi lọ. Bí a bá pààrọ̀ ọmọ, tí a fi ìyá àtijọ́ sílẹ̀, pádì kò ní jọ̀wọ́ àwo. Á máa ha á títí á fi gbóná janjan.

Ìdí nìyí tí "àtúnṣe", tí wọ́n fi ṣe àkọlé ìwé náà, kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé ohun tí ó bàjẹ́ nìkan ni òun fẹ́ dá padà sípò, yóò sì fi ìyá páǹpù sílẹ̀ nítorí pé kò bàjẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Pípààrọ̀ Ìjánu Oníkòkò sí Ìjánu Ẹ̀mú, tìyátọmọ".