Ámpù àti spíkà olówó pọ́ọ́kú fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Agefidio
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Fídíò òde àríyá ni mo máa ń gé lórí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, spíkà oníke kékeré tí mo ń lò ò sì jẹ́ kí n mọ èwo ni gángan èwo ni sákárà. ₦120,000 ló wà lọ́wọ́, kò sí àfikún. Ẹni tó bá ti ra ámpù kékeré, ẹ̀rọ tó ń fún spíkà lágbára yẹn, pẹ̀lú spíkà méjì rí kó wá sọ bó ṣe rí. Ẹ má sọ hẹ́ẹ̀dífóònù fún mi, etí ń dùn mí.

Sugomu
Etí ń dùn ẹ́ àbí madam ló ní o kì í dáhùn tó o bá ti dé e 😂

AraOjo
Alábà ni mo ti ra tèmi, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, àwọn spíkà onípákó tó ń bá kọ̀ǹténà wọlé láti Jámánì àti Ìlú Ọba. Bí ẹ bá débẹ̀ ẹ má jẹ́ kí orúkọ tó wà níwájú ẹ̀ kó sí yín lórí, ẹ yọ aṣọ iwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ fìka kan fóòmù tó yí kónù yẹn ká jẹ́jẹ́, ìyẹn ojú spíkà tó máa ń mì. Bó bá ti gbó ṣe ló máa rún sí yín lọ́wọ́ bí àkàrà àná, béèsì ti tán nínú ẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ní rọ́bà ni kẹ́ ẹ wá, rọ́bà máa ń pẹ́ ju fóòmù lọ dáadáa. Ìyá tó ta tèmi fún mi mú bátìrì rédíò kan, ó fi wáyà méjì kan ẹ̀yìn spíkà, kónù yẹn sún síta díẹ̀ ó sì dún pọ́, ó ní ṣé o rí i pé ó wà láàyè, mówó wá. Mo sanwó.

Iya_Ibeji
Bátìrì yẹn ò sọ ju pé kóìlì, wáyà wíwé tó wà nínú ẹ̀, ò tíì já lọ. Kò sọ pé ohùn ẹ̀ dáa o.

AraOjo
Mo mọ̀ mà. Ohùn ẹ̀ dáa.

Iya_Ibeji
Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ 😄 Àmọ́ bátìrì yẹn wúlò fún nǹkan míì. Ẹ fi orí ẹ̀ kan ibi pupa, kẹ́ ẹ fìdí ẹ̀ kan dúdú, spíkà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ sún síta. Bí ọ̀kan bá ń wọlé tí ìkejì ń jáde, ẹnì kan ti tú u rí tó sì so wáyà inú ẹ̀ sódì. Béèsì á kàn pòórá, ẹ ó wá máa bú ámpù tí ò ṣẹ̀ yín.

Kilode_Watt
Ká tó dé ọ̀dọ̀ spíkà ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ irọ́ tí wọ́n ń kọ sára ámpù. Ẹni tó fẹ́ ta ọ̀kan fún mi ní Computer Village ní 100 watt lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ni, mo ní kó mú ádápítọ̀ tó bá a wá, 24V 4.5A ni wọ́n kọ sí i. 24 lọ́nà 4.5, 108 nìyẹn, níbo ni 200 ti fẹ́ jáde wá? TPA3116 ló wà nínú ẹ̀, Texas Instruments tó ń ṣe chip yẹn fúnra wọn, 50 watt lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n kọ, fún spíkà 4 ohm ní 21 volt, ohùn gan-an ti ń ya kó tó débẹ̀. Bọ̀ọ̀dá yẹn wò mí títí, ó ní ọ̀gá, ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ ṣèṣirò. Mo rà á ṣá o, ó dáa fún owó ẹ̀. Ádápítọ̀ láptọ́ọ̀pù 19 volt tó kàn wà nílẹ̀ nílé ni mo fi ń gbé e.

Dejo
50 watt kéré

Kilode_Watt
Orí tábìlì lẹ fẹ́ gbé e sí àbí òde ọjọ́ ìbí? Spíkà tí wọ́n bá kọ 86 dB sí (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó), watt kan péré ló máa fi dún 86 yẹn sétí ẹni tó wà ní mítà kan, etí yín ò sì ní jìnnà tó mítà kan sí i. Tẹ́ ẹ bá sọ watt di ìlọ́po méjì, dB 3 péré ló máa fi kún un.

Dejo
Òde ọjọ́ ìbí

Omo_Kafinta
Gbogbo èyí tí ẹ ń sọ yìí ẹ kàn ń náwó dànù ni. Spíkà mọ́tò 6 ínṣì méjì ní Ládípọ̀, plywood, gọ́ọ̀mù, ó ti parí. Nígbà tá a wà ní kékeré rédíò mọ́tò àti bátìrì mọ́tò ló ń gbé spíkà nílé wa, NEPA ò kàn wá, gbogbo àdúgbò ló ń bá wa gbọ́ ìròyìn aago méje.

Iya_Ibeji
Inú ilẹ̀kùn mọ́tò ni wọ́n ṣe spíkà mọ́tò fún, afẹ́fẹ́ pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá há a mọ́ àpótí kékeré, béèsì á fún pọ̀.

AraOjo
Omo_Kafinta, kí lẹ fi wọn àpótí yẹn kẹ́ ẹ tó gé e?

Omo_Kafinta
Ojú.

Sugomu
😂😂😂 ojú ló fi wọ̀n ọ́n

Omo_Kafinta
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń dún títí dòní, tòkunbọ̀ yín ńkọ́?

SE15
Ní ìhín Peckham, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan tí wọ́n fi tọrẹ ni mo máa ń yà sí. £15 ni mo ra spíkà méjì, mo fi ámpù kékeré irú ti Kilode_Watt gbé e, kò sí nǹkan tó ń ṣe é.

Sugomu
Ará Ìlú Ọba ti dé. Owó ẹrù tó máa gbé e dé Òṣogbo ńkọ́, ṣé £15 náà ni?

SE15
Wọ́n ní ká sọ ìrírí wa, mo sì ti sọ tèmi, kí lẹ tún fẹ́

Agefidio
Ṣé kò sí èyí tí ámpù ti wà nínú spíkà gan-an? Wáyà ti pọ̀ jù lórí tábìlì mi.

Bisi_Akure
Ó wà. Edifier R1280T ni mo ń lò, ámpù wà nínú spíkà kan, wáyà kan lọ bá ìkejì, 42 watt lápapọ̀, wúfà tó ń gbé béèsì jẹ́ 4 ínṣì. Tuntun ẹ̀ lè ju owó tó wà lọ́wọ́ yín lọ o, ẹ bèèrè dáadáa. Íńvátà nìkan ló ń bà á jẹ́ fún mi. Tó bá jẹ́ iná ìjọba, ó dákẹ́ rọ́rọ́, kí íńvátà gbé e báyìí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hùn.

Kilode_Watt
Ẹ wo ara íńvátà yẹn, modified sine wave ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, ìyẹn iná tí kì í lọ geere. Pure sine wave, èyí tó ń lọ geere bí iná ìjọba, ni ohun tó ń dún máa ń fẹ́.

Bisi_Akure
Owó pure sine wave yẹn ju owó spíkà lọ ìlọ́po ìlọ́po. Ó lè máa hùn lọ.

Agefidio
Tèmi ò tiẹ̀ dé orí íńvátà. Kí n sún máòsì lásán, spíkà á máa dún ṣííí ṣííí.

Sugomu
Máòsì? Ẹ pe wòlíì

Kilode_Watt
Kò gba wòlíì. Inú kọ̀ǹpútà yẹn náà ni ariwo ti ń wọnú ohùn, ẹ má lo ihò ohùn tó wà lára ẹ̀ mọ́. DAC kékeré tó ń wọ USB, ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà di ohùn, ni kẹ́ ẹ rà, kódà okùn Apple kékeré tó ń sọ USB-C di ihò hẹ́ẹ̀dífóònù ń ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa, kò sì wọ́n. Tí ìhùn bá ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá bi wá.

Dejo
Tẹ́ ẹ bá lọ rà á, fújì ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, tó bá gbé fújì kò sí ohun tí ò lè gbé

Iya_Ibeji
Fújì kọ́. Gbogbo ìlù ti dún pọ̀ níbẹ̀, spíkà burúkú á rí ibi fara pamọ́ sí. Àpàlà àtijọ́ ni, tí agídìgbo bá ń dún lábẹ́ ohùn olórin. Tẹ́ ò bá gbọ́ orí irin agídìgbo yẹn níkọ̀ọ̀kan, ẹ dá spíkà padà fún un.

Dejo
Kí ni fújì ṣe fún yín gan-an mà

Iya_Ibeji
Kò ṣe mí ní nǹkan kan, mò ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ báyìí.

Tuntun_Nibi
Ẹ jọ̀ọ́ ta ló mọ ẹni tó ń pààrọ̀ fóòmù spíkà n'Ìbàdàn? Tèmi ti ń rún bí AraOjo ṣe sọ.

Dejo
Gbági

Tuntun_Nibi
Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági jàre