Ẹrù kún ilé ìyá wa ní Kábbà débi pé wọn kò rí ọ̀nà rìn mọ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Ọmọ Owé tó ń gbé ní Lọ́kọ́ja

Okun o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè dá rù mọ́, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú yín. Ìyá wa ti pé ẹni ọdún 78, àwọn nìkan ló sì ń gbé inú ilé tí bàbá wa kọ́ sí Kábbà kí bàbá tó di olóògbé. Ọjọ́ Sátidé ni èmi máa ń ti Lọ́kọ́ja lọ wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Àbújá, àbúrò wa obìnrin sì wà ní ilé ọkọ ní Ìlọrin.

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣeé sùn sí báyìí. Àwọn mẹ́ta tó kù kún fún kúlà àti ìkòkò àsè tí wọ́n tò lérí ara wọn títí dé àjà, kẹ́ẹ̀gì tó ti là, jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, bátìrì mọ́tò méjì, páálí tí ìwé bàbá wa wà nínú wọn, àpótí irin mẹ́ta tí aṣọ kún inú wọn, àti àwọn abọ́ ike tí wọ́n ń pín níbi ìsìnkú, tí àwòrán olóògbé wà lára wọn. Mo ka 51 nínú àwọn abọ́ yìí kí ó tó sú mi.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n dìde lóru láti lọ tọ̀, iná kò sí, ẹsẹ̀ wọn kọ ìdérí kúlà kan tó wà nílẹ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n sì ṣubú. A dúpẹ́ pé eegun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún wọn wú, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń rìn. Mo gbé ìdérí náà yẹ̀ wò. Pupa ni, etí rẹ̀ kan ti jẹ, kò sì sí kúlà kankan nínú ilé tó bá a mu. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, wọ́n ní kúlà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tó yá a lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wa, àti pé lọ́jọ́ tí ẹni náà bá dá a padà, kí ni a ó fi dé e? Ọdún 11 rèé.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo dúró kí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì kó páálí mẹ́ta lọ sí ààtàn láì tú wọn wò. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí i pé àyè páálí ti ṣófo, wọn kò bá mi jà. Wọ́n tú gèlè, wọ́n fi di ìbàdí, wọ́n sì gba ọ̀nà ààtàn lọ. Inú páálí kejì ni wọ́n ti fa aṣọ tí ìyá wọn hun fún wọn nígbà ìgbéyàwó jáde. Omi ìdọ̀tí ti rin apá kan rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá ẹrù, wọ́n á sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Báwo ni mo ṣe lè tún ilé yìí tò kí wọ́n má baà ṣubú mọ́, láì tún dá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sí wọn lọ́kàn?

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Ìyàwó Ilé, Mọ̀pà

Okun o, àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú ìyá ọkọ mi, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fi yàrá ẹrù sílẹ̀ ná. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ là: láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìtọ̀, láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, àti láti ibẹ̀ dé ilé ìdáná. Kí ohunkóhun má ṣe wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ì báà jẹ́ ẹní tí etí rẹ̀ ti ká, wáyà iná tàbí bàtà. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàbí àtùpà tó ń lo oòrùn sí ibi tí ọwọ́ wọn lè tó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, ẹ gbé e sí àárín ìbàdí àti èjìká wọn, kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n máa gun àpótí. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni èyí, kò sì sí ohun kankan tí ẹ ó jù nù.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú gbólóhùn yẹn, “kí ni ẹ ń fi èyí ṣe?” Létí àgbàlagbà, ẹ̀sùn ni. “Mà, ẹ jẹ́ ká gbé èyí kúrò lójú ọ̀nà yín” ni mo máa ń sọ.

Ní ti kúlà àti ìkòkò àsè, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kà wọ́n sí páǹtí. Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó ní ìkòkò ńlá ni gbogbo àdúgbò ń kàn sí bí ìnáwó bá dé, wọ́n á kí i láàárọ̀, wọ́n á sì tún padà wá dúpẹ́ nírọ̀lẹ́. Bí ìyá bá wo kúlà wọ̀nyẹn, àwọn ènìyàn tó ti wá yá wọn ni wọ́n ń rí. Ìyá ọkọ mi kò gbà kí a ta ẹyọ kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó wọn fún ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn, wọ́n pe àwọn obìnrin náà fúnra wọn, wọ́n sì gbàdúrà lé àwọn kúlà náà lórí kí wọ́n tó kó wọn jáde. Ẹni tí kò gbà kí a ju nǹkan rẹ̀ nù lè fi tayọ̀tayọ̀ ta á lọ́rẹ.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Ọmọ Ìjùmú, Àbújá

Èmi rò pé ẹ ti ń pẹ́ jù. Ẹ gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín ní Ìlọrin fún oṣù kan, kí ẹ gba ọkọ̀ akẹ́rù kan, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀, kí ẹ kun ilé lọ́dà. Ìlera wọn ṣe pàtàkì ju ike lọ.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Olùkọ́ Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú

Mo gbà pé ìlera ṣe pàtàkì, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ti kó ẹrù lẹ́yìn ìyá rí, ó sì ti sọ ibi tó já sí fún wa. Ohun tó mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni páálí ìwé. Bí bàbá yín bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tèmi, ẹ má ṣe jó ìwé kankan. Ìpínlẹ̀ Kwara ni àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogi wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, nítorí náà, orí ìwé Kwara ni wọ́n ti kọ ìgbanisíṣẹ́ àti ìgbéga ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà tí wọ́n bá pe àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì, tàbí tí ìdílé bá ń béèrè ẹ̀tọ́ olóògbé, ìwé tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń béèrè. Mo mọ opó kan tó lọ, tó bọ̀, fún ọdún mẹ́ta nítorí ìwé ìgbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo tí ikán ti jẹ.

Ẹ yọ ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìgbéga àti ìfẹ̀yìntì sọ́tọ̀, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, rìsíìtì ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí. Èyí tó bá rin, ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà tí oòrùn kò dé. Ẹ fi fóònù ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ. Ẹ má ṣe gbé páálí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kí ó fara ti ògiri, nítorí ọ̀nà ikán nìyẹn. Ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ìwé iṣẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè lọ, bí ìyá bá gbà.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ dákun, kí ẹ tó ṣí àpótí aṣọ, ẹ gbọ́ èyí. Káńfọ̀ funfun roboto tí àwọn ìyá wa ń fi sáàárín aṣọ léwu fún ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tí a ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, ó sì wọ́pọ̀ jù lára ọmọkùnrin. Bí a bá fi aṣọ tó ti gba òórùn káńfọ̀ pọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú àti awọ ara rẹ̀ á sì pọ́n. Bí ó bá le, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Ìyá àgbà lè fẹ́ fi aṣọ àtàtà inú àpótí ta ọmọ-ọmọ lọ́rẹ. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a títí òórùn náà á fi kúrò pátápátá. Ẹ kó káńfọ̀ tó kù kúrò níbi tí ọmọdé lè dé, torí wọ́n máa ń rò pé súìtì ni.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn àpótí bóyá ẹ ó rí ìgò oògùn kòkòrò tó ní dichlorvos. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC dá títa ìgò rẹ̀ tí kò ju mílílítà 100 lọ dúró lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọlé kí òfin tó dé ṣì lè wà nílé àwọn àgbà. Ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga. Ẹ fi ìdérí rẹ̀ dé e pinpin, kí ẹ gbé e lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má sì ṣe fọ ìgò rẹ̀ láti fi rọ epo.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Ìyá Aláṣọ, Ògìdì

Ọmọ mi, aṣọ tí omi ààtàn rin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti àárọ̀. Ṣé wọ́n ti fọ̀ ọ́? Bí wọn kò bá tíì fọ̀ ọ́, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ lò, òun nìkan nínú báàfù, torí pé aṣọ tí wọ́n fi ẹlú pa láró lè ṣí sára òmíràn. Ẹ má fún un, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ẹ má sì fi bílíìsì sún mọ́ ọn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ níbi òjìji, kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Àbàwọ́n náà lè má tán, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ á wà.

Aṣọ tí àwọn ìyá wa hun lórí òfì tó dúró sára ògiri fẹ̀, kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti òfì àwọn ọkùnrin. Ojú ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ pọ̀ ni ó ti máa ń já. Ẹ fi ọwọ́ yín tọ ojú ìṣẹ́po náà, ẹ ó rí i pé òwú ibẹ̀ ti le, ó sì ti ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá a padà sójú ìṣẹ́po àtijọ́. Ẹ ká a sára ọ̀pá tí ẹ ti fi aṣọ funfun mímọ́ wé, ẹ má sì fi ọ̀rá dì í, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kí ó mí. Ìgbà ọyẹ́ ló dára láti kó aṣọ jáde fún afẹ́fẹ́.

Bí ẹ bá rí aṣọ pupa nínú àpótí náà, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ aṣọ ìpò ti àwọn ará Bùnú, èyí tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú olóyè àti fún egúngún, tí àwọn obìnrin àtijọ́ máa ń tú òwú pupa lára bùláńkẹ́ẹ̀tì láti fi hun. Àwọn kan ń lọ láti ilé dé ilé tí wọ́n ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn arúgbó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á kí ìdílé tó jókòó lé e lórí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jókòó ti ìyá, àpótí kan lọ́jọ́ kan, kí wọ́n máa dárúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ni ín, kí ẹ kọ ọ́ sórí aṣọ funfun pélébé, kí ẹ sì rán an mọ́ etí rẹ̀. Ẹ má ṣe mú wọn yára.

Olùbéèrè padà wá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ nìkan ni mo là, n kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá ẹrù. Ní Sátidé kejì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi aṣọ ààtàn yẹn hàn mí kí n bá wọn fọ̀ ọ́. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n sì tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró. A ti dárúkọ aṣọ 23 báyìí, mẹ́rin sì ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Kúlà mẹ́sàn-án lọ sí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, wọ́n sì mú méjì sílẹ̀. Ní ti abọ́ olóògbé, wọ́n ní abọ́ kì í lọ lófo, nítorí náà wọ́n ń bu ẹ̀wà tàbí gàrí sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá wá kí wọn. Mẹ́rìnlá péré ló kù. A rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bàbá wa, ti Kwara, láàárín ìwé orin. Bátìrì méjèèjì nìkan ni n kò mọ bí mo ṣe máa ṣe.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Mẹkáníìkì, Kábbà

Ẹ gbé wọn dúró gangan, ẹ má ṣe yí wọn dà, nítorí ásíìdì inú wọn ń jó ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Òjé ló wà nínú wọn, ó sì lówó lórí, nítorí náà àwọn tó ń ra irin àlòkù á rà wọ́n pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ náà. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fọ́ bátìrì nínú ọgbà yín, torí òjé tó bá wọ ilẹ̀ níbi tí ọmọdé ń ṣeré kì í tán bọ̀rọ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti gbé wọn lọ lánàá. Nígbà tí ẹrù ń jáde, ìyá mi ní kí n mú ìdérí pupa yẹn wá. Wọ́n fi àkísà nù ún tinú tẹ̀yìn, wọ́n sì pe ọmọ ilé kejì pé kí ó gbé e lọ fún ẹni tó yá kúlà ní ọdún 11 sẹ́yìn, kí ó sọ fún un pé ọjọ́ ti pẹ́ tí kúlà náà ti ń ṣí sílẹ̀.