Ọdún kẹrin rè é tí imú mi ti ń dí. Kí ni mo lè ṣe?

Aránṣọ-Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi. Àjàṣẹ́ ni mo wà, ìtòsí ọjà Ouando ni mo ti ń ránṣọ. Ọdún mẹ́rin rè é tí imú mi ti ń dí. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn, ara mi kì í gbóná, ikun kì í sì í dà. Dídí ló ń dí ṣáá, pàápàá lálẹ́. Tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, ihò ọ̀tún á dí. Tí mo bá yí sí òsì, tòsì náà á dí. Ẹnu ni mo fi ń mí mọ́jú.

Oògùn kan wà tí mò ń rà ní famasí tí mò ń kán sí imú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó mi. Nísinsìnyí, tó bá fi máa tó wákàtí mẹ́ta, imú á tún ti padé. Ìgò kan kì í pé ọ̀sẹ̀ kan. Tí mo bá gbàgbé rẹ̀ sílé, àyà mi á máa já. Mo ti fa ooru ewé efinrin, mo ti jẹ ata títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi ní kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ta ló ti bọ́ lọ́wọ́ irú èyí nínú yín?

Ọmọ-Alákétu:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Oògùn tí ẹ ń kán yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀. Bí ẹ bá rí xylometazoline, oxymetazoline tàbí naphazoline, òun náà nìyẹn. Ó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú imú kí ihò lè là. Tí agbára rẹ̀ bá tán, ara imú á tún wú, ẹ ó sì tún kán òmíràn. Kò yẹ kéèyàn lò ó ju ọjọ́ 3 sí 5 lọ. Èmi lò ó fún oṣù mọ́kànlá.

Bí mo ṣe jáwọ́ ni pé mo fi ihò òsì sílẹ̀, ọ̀tún nìkan ni mò ń kán ọn sí. Ojú mi rí nǹkan! Alẹ́ márùn-ún ni mo fi jókòó sẹ́yìnkùlé títí àkùkọ fi kọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, òsì là fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo fi ọ̀tún náà sílẹ̀. Dókítà ORL, ìyẹn dókítà etí, imú àti ọ̀fun, tí mo rí ní Kútọnu fún mi ní fluticasone tí wọ́n ń fín sí imú. Ìyẹn kì í la imú lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà etí, kì í ṣe àárín imú, kó má baà ṣẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì-Ṣábẹ:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ oògùn tí ẹ ń kán yẹn tún le sí i, ẹ tètè rí dókítà. Ẹ máa fi omi iyọ̀ fọ imú láàárọ̀ àti lálẹ́: omi lítà 1, iyọ̀ gíráàmù 9, bíi ṣíbí tíì kan àbọ̀ tó tẹ́jú. Kí omi náà hó, kó sì tutù. Ẹ má fi omi kànga tí kò hó ṣe é láé: kòkòrò kan wà tó lè ti ibẹ̀ gba imú dé ọpọlọ, kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pani.

Eruku aṣọ ńkọ́? Ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dípò ìgbálẹ̀. Ti iṣẹ́ abẹ, kí dókítà ORL yẹ inú imú wò ná. Tó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló ń dí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹ má fi falẹ̀.

Aránṣọ-Àjàṣẹ́:
Xylometazoline ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọdún tí mo fi ń rà á, kò sí ẹni tó sọ fún mi, ó dùn mí gan-an. Alẹ́ kejì rè é tí mo ti fi ihò òsì sílẹ̀, mi ò fojú ba oorun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín níwájú ilé. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Nọ́ọ̀sì, ṣé mo lè máa fi síríǹjì ṣe é?

Nọ́ọ̀sì-Ṣábẹ:
Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ la ẹnu, ẹ tì í jẹ́jẹ́.