Màlúù mi ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń rù: kí ni kí n fi kún koríko gbígbẹ?

Ìyá Ẹlẹ́ran, Ìgbòho

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nídìí ẹran ọ̀sìn. Màlúù funfun 18 ni mo ní nínú ọgbà tí mo fi wáyà yí ká, n kì í dà wọ́n kiri. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni eruwà inú ọgbà náà ti gbó. Ó ga ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n pòròpórò lásán ni ó kù. Mo rò pé ebi ni ó ń pa wọ́n, nítorí náà mo ń ra èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń yan gààrí, mo sì ń sá a gbẹ dáadáa kí n tó gbé e fún wọn. Wọ́n ń jẹ ẹ́, síbẹ̀ egungun ìhà wọn ti yọ, ìgbẹ́ wọn sì le, ó ń gun orí ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn bá to àkàrà jọ. Mo tún ṣàkíyèsí pé ní ọjọ́ tí èèpo bá ti pọ̀, wọn kì í fẹnu kan koríko mọ́. Ẹnì kan ní kí n ra ìyókù èso òwú tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí n ra ìyókù ẹkùrọ́ tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní PKC, ẹnìkan ní iyọ̀ lílá nìkan ti tó, aládùúgbò mi sì ní kí n bu ajílẹ̀ yúríà sínú omi wọn. Owó ọwọ́ mi kò lè ra gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà, báwo ni kí ó sì ti pọ̀ tó?

Àgbẹ̀ Ṣakí

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ìgbẹ́ tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn ni ó là mí lójú ju egungun ìhà lọ, nítorí ìgbẹ́ tí ó bá le tí ó sì ń gun orí ara wọn ni ó ń sọ fún wa pé purotéènì ni ó wọ́n màlúù náà, kì í ṣe oúnjẹ lásán.

Kì í ṣe màlúù fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ koríko di oúnjẹ. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ṣàkì, ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà, náítírójìn inú purotéènì sì ni àwọn náà fi ń dàgbà tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i. Bí purotéènì inú koríko bá ti wálẹ̀ ju ìdá 7 nínú 100 lọ, ebi á máa pa wọ́n, iṣẹ́ wọn á falẹ̀, koríko á pẹ́ nínú ẹran, màlúù tí ikùn rẹ̀ sì kún kò ní lè jẹ òmíràn. Eruwà tí ó ti gbó nínú ẹ̀ẹ̀rùn sábà máa ń ní nǹkan bí ìdá 3 sí 4 péré. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń fi kún un kò ju nǹkan bí ìdá 5 lọ, nítorí náà aláìní ni ẹ fi ran aláìní lọ́wọ́. Ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí tún ń ṣẹlẹ̀: èèpo gba àyè koríko, ẹ wá ń fi owó ra ohun tí ó ń lé ẹran kúrò nídìí ohun tí ẹ ní lọ́fẹ̀ẹ́.

Purotéènì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ má ṣe fi iye owó àpò kan wé òmíràn, iye owó kílò purotéènì kan ni kí ẹ fi wéra. Bí ìyókù òwú bá ní ìdá 30, kílò 15 purotéènì ni ó wà nínú àpò oníkílò 50. Bí PKC bá ní ìdá 18, kílò 9 ni. Ìyẹn ni pé àpò PKC kò dínwó sí i àfi bí iye rẹ̀ kò bá tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún iye òwú. Ẹ gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó.

Màlúù tí ó wọn kílò 250 yóò nílò nǹkan bí kílò kan ìyókù òwú lójúmọ́, tàbí kílò kan ààbọ̀ PKC. Bí owó kò bá tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó lóyún àti àwọn tí ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ sì lè fún wọn ní ìlọ́po méjì ní ọjọ́ méjì-méjì. Kò ní pa wọ́n lára, ó ń dín wàhálà kù, àwọn tí kò lágbára náà á sì rí tiwọn jẹ nítorí pé oúnjẹ pọ̀ nínú ọpọ́n.

Oníṣègùn Ẹran

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ Ṣakí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ yúríà: ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bu ú sínú omi láéláé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé oúnjẹ tí mo po yúríà mọ́ sínú ọpọ́n tí kò ní òrùlé. Òjò kan rọ̀ lóru, yúríà yòrò sínú omi tí ó dúró sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n, màlúù méjì sì mu ún. Kí n tó dé ní òwúrọ̀, wọ́n ti nà gbalaja, ikùn wọn wú, ìfófòó sì wà lẹ́nu wọn. N kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Inú ṣàkì ni yúríà ti ń di amóníà, ibẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò náà ti ń rí náítírójìn lò. Bí ó bá pọ̀ ju èyí tí àwọn kòkòrò lè lò lọ, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà lọ, ara ẹran á máa gbọ̀n, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Fínígà tí a pò mọ́ omi tútù tí a rọ sí i lẹ́nu kíákíá lè gbà á là, bí a bá tètè rí i. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò kì í fún ọmọ màlúù tàbí ẹran tí ebi ń pa, díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń mú ẹran mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń pò ó mọ́ nǹkan tí ó ní agbára, irú èèpo ẹ̀gẹ́ yín yẹn. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Iyọ̀ lílá dára, ó yẹ kí ó wà, ṣùgbọ́n kò sí purotéènì nínú iyọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ran, Ìgbòho

Mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ṣe ìṣirò náà: lọ́jà wa, PKC kò tó ìdajì iye òwú, nítorí náà òun ni mo rà. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì yí orí kúrò. Ó dàbí ìgbà tí mo da iyanrìn síwájú wọn.

Àgbẹ̀ Ṣakí

Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó gbẹ, ó sì rí bí iyanrìn lẹ́nu. Ẹ pò ó mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ díẹ̀, kí ẹ wọ́n omi àti ìwọ̀nba iyọ̀ sí i, kí PKC máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí òjò bá sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka igi agúnmániyè, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ yí ọgbà náà ká. Ewé rẹ̀ ní purotéènì tí ó lé ní ìdá 20 nínú 100. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́ ní tútù, ẹ jẹ́ kí ó rọ fún ọjọ́ kan, òórùn rẹ̀ á dínkù, wọn á sì jẹ ẹ́.