“Ihò dúdú alábọ́dé”, kì í ṣe “ihò dúdú àárín”

Ihò dúdú (black hole) ni ohun ojú òfurufú tí òòfà rẹ̀ le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀. Àbá kan wà nílẹ̀ pé, ní Yorùbá, kí a máa pe irú rẹ̀ tó tóbi ju ti kékeré lọ, ṣùgbọ́n tí kò tó ti ràgàjì (intermediate-mass black hole), ní “ihò dúdú àárín”. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn, nítorí pé àárín àwọn ìṣùjọ ìràwọ̀ (galaxy) kéékèèké gan-an ni àwọn onímọ̀ ti sábà ń wá ihò wọ̀nyí. Ta ni yóò wá mọ̀ pé ìwọ̀n ni a ń sọ, kì í ṣe ibùdó? Ihò dúdú tí à ń pè ní Sagittarius A* wà láàárín ìṣùjọ ìràwọ̀ tiwa, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó ìlọ́po mílíọ̀nù 4 ti òòrùn. Ihò àárín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹgbẹ́ tí à ń wí yìí, èyí tí a sábà ń kà láti nǹkan bí ìlọ́po 100 òòrùn dé 100,000.

“Agbedeméjì” ńkọ́? Ó ń dún bí iṣẹ́ tí kò tíì parí. “Alábọ́dé” ló tọ́. Bí ìyá bá ní kí ọmọ gbé ìkòkò alábọ́dé wá, ọmọ náà kò ní lọ máa wá a sí àárín ilé. Ní ti “aràrá” tí àwọn kan fẹ́ lò fún ìṣùjọ ìràwọ̀, “kékeré” ti tó.

Ẹlòmíràn bèèrè bóyá a lè sọ pé a “wọn” ohun tí kò sẹ́ni tó lè gbé e sórí òṣùwọ̀n. A lè sọ ọ́. Ọmọdé tó ń fi kànnàkànnà yí òkúta mọ̀ pé bí òkúta bá ṣe ń sáré sí i ni ọwọ́ òun gbọ́dọ̀ di okùn mú sí i. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ tó yẹ àwòrán tí Hubble, awò awọ̀nàjíjìn tó wà lójú òfurufú, yà láàárín nǹkan bí 20 ọdún wò rí ìràwọ̀ méje láàárín Omega Centauri, àkójọ ìràwọ̀ ńlá kan, tí eré wọn pọ̀ débi pé ó yẹ kí wọ́n ti já lọ. Ohun tó dì wọ́n mú níbẹ̀ kò lè dín ní ìlọ́po 8,200 òòrùn. Ìṣirò yìí náà ni wíwọ̀n. Ọ̀pọ̀ sì gbà pé ìṣẹ́kù ìṣùjọ kékeré kan ni Omega Centauri fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo ṣì ń wá ni ti àyíká tí òòfà ihò náà ti borí ti àwọn ìràwọ̀ yòókù. “Sàkáání” ni mo ń lò. Bí ihò bá tó ìlọ́po 10,000 òòrùn, tí àwọn ìràwọ̀ ìṣùjọ tó yí i ká sì ń sáré ní nǹkan bí kìlómítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti ihò dé etí sàkáání rẹ̀ kò tó ọdún ìmọ́lẹ̀ kan, ìyẹn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan. Nítorí kí a lè rí ibi tó há tó bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni a ṣe nílò awò awọ̀nàjíjìn bíi ELT, tí wọ́n ń kọ́ lórí òkè Cerro Armazones ní Ṣílè, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 39, nígbà tí ti Hubble jẹ́ mítà 2.4. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju “sàkáání” lọ, kó mú un wá.