Re: Ẹ má pe interoperability ní "ìsopọ̀", "àjọkàyé" ló bá a mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti mú un wá pé "àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà" ni ká máa pe electronic health record, pé "ìsopọ̀" sì ni ká máa pe interoperability, ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ ọsibítù kan lè ka ohun tí ti ọsibítù míì fi ránṣẹ́, kó sì yé e. Ti àkọsílẹ̀ yẹn, mi ò bá yín jiyàn, ó dáa, àmọ́ ẹ rántí pé káàdì ni gbogbo ayé ń pè é ní ọsibítù, "mo fẹ́ gba káàdì", "wọn ò rí káàdì mi", torí náà tó bá jẹ́ aláìsàn là ń bá sọ̀rọ̀, "káàdì orí kọ̀ǹpútà" ló máa tètè yé wọn.

"Ìsopọ̀" yẹn ni mi ò lè gbà. Wáyà ni ìsopọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ni ìsopọ̀. Ọsibítù méjì lè so pọ̀ kí wọ́n máa fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn látàárọ̀ dalẹ́, kí ohun tó wà nínú ẹ̀ má sì yé ẹni tó gbà á. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n, àwọn kan ń lo mg/dL, àwọn kan ń lo mmol/L, ohun tí lábù kan bá kọ ní 126, òmíràn á kọ ọ́ ní 7.0, nǹkan kan náà sì ni. Wàyí o, kí lábù kan wá fi 18 nìkan ránṣẹ́ láìsọ èwo ló lò. Tó bá jẹ́ mmol/L ni, ṣúgà yẹn ti ga gan-an, ó ti tó 324 tá a bá fi mg/dL kà á, ínsúlínì tó ń dín ṣúgà kù ni dókítà máa ronú kàn. Tó bá jẹ́ mg/dL ni, ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára onítọ̀hún, glucose ni kí wọ́n yára fún un, ẹni tó bá lọ gún un ní ínsúlínì lè pa á! Ìsopọ̀ ò sì já o, fáìlì dé láìyingin. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó kà á jọ mọ ohun tí 18 túmọ̀ sí, ìyẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tá a ń wá gbọ́dọ̀ gbé jáde.

Ẹnì kan dá a lábàá pé "àjọṣepọ̀", àmọ́ ìyẹn ni ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá jọ tọwọ́ bọ̀wé. "Ìgbọ́ra-ẹni-yé" sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n tí tọkọtaya bá ń jà la máa ń wá ìgbọ́ra-ẹni-yé, ó sì gùn. Ohun tí mo mú wá ni "àjọkàyé". Gbogbo wa tá a ṣe Yorùbá níléèwé la mọ àkàyé, àyọkà tí wọ́n á ní ká kà kó yé wa ká tó dáhùn ìbéèrè. A sì ti ní àjọjẹ, àjọgbé, àjọni. Àjọkàyé wá ni ohun tí ẹni méjì tàbí ẹ̀rọ méjì jọ kà tó sì yé àwọn méjèèjì bákan náà. Ẹ gbé e sínú gbólóhùn kẹ́ ẹ wò ó: "àkọsílẹ̀ ọsibítù méjèèjì ò tíì di àjọkàyé", "a fẹ́ ètò àjọkàyé fún gbogbo ọsibítù ìpínlẹ̀ yìí". Létí tèmi, ó ń lọ geere.

Dókítà wa tó kọ̀wé láti Manchester ní ká fi í sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ FHIR, òdiwọ̀n tí ẹ̀rọ àwọn ọsibítù fi ń pààrọ̀ àkọsílẹ̀ ìlera láàárín ara wọn, àti pé àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià ò ní lo Yorùbá láé. Òótọ́ ni pé HL7, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1987, ló ni FHIR, pé Grahame Grieve, ọmọ Ọsirélíà, ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2011. Àmọ́, dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú FHIR yẹn fúnra ẹ̀. Kóòdù ni ẹ̀rọ ń kà níbẹ̀, bíi kóòdù LOINC fún àyẹ̀wò lábù, nọ́ńbà lásán ni, kò lédè. Ọ̀rọ̀ tójú èèyàn ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù ló lédè, wọ́n sì fàyè sílẹ̀ kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kọ tiẹ̀ síbẹ̀. Àyè Yorùbá wà níbẹ̀, àwa la ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún ò ṣàjèjì nílé wa, Ifẹ̀ níbẹ̀ yẹn, àwọn ará Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá Yunifásítì Kuopio ní Finland ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí MINPHIS, sọ́fítíwià àkọsílẹ̀ ọsibítù, fi jáde.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda tún wà ńbẹ̀. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbẹgẹ́. Ìyá àgbà tí wọ́n bá bi pé ṣé kí wọ́n fi káàdì ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọsibítù míì, èdè wo ni wọ́n fẹ́ fi ṣàlàyé fún un kó tó tẹ̀ka?

Ohun kan tún wà tó kan àwa tá a máa ń jà fún àmì ohùn. Tí akọ̀wé kan bá tẹ Ṣẹ́gun, kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀, ẹ tó ti ní ìsàmì lábẹ́ la máa ń fi àmì òkè lé, àwọn kan á kọ́kọ́ tẹ "é" kí wọ́n tó fi ìsàmì sábẹ́ ẹ̀, àwọn míì á tẹ "e" lásán, wọ́n á wá fi ìsàmì àti àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọn ò bá kọ́ láti sọ wọ́n dọ̀kan á ní orúkọ méjì ni, á sì ṣí káàdì méjì fún ẹnì kan, ká má tiẹ̀ wá sọ ti Segun àti Shegun. Òògùn tí ara ẹ̀ kọ̀ á wà lórí káàdì kan, kò ní sí lórí èkejì. Ẹ bá mi sọ fún gbogbo ẹni tó ń ṣe sọ́fítíwià fún ọsibítù nílẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n ṣe ìyẹn kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan míì.

Ó ku standard. "Òdiwọ̀n" ni mo lò lókè, ẹ̀gbọ́n ń lo "ìlànà", àmọ́ ìlànà lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, mo rò pé "òdiwọ̀n àjọgbà" ló péye. Ẹ̀yin ará Kétu àti Sakété ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù yín, ṣé àkàyé wà nínú Yorùbá tẹ́ ẹ̀yin kọ́, àbí ọ̀rọ̀ míì lẹ̀ ń lò? Torí tí kò bá sí, àjọkàyé lè má yé wọn lọ́dọ̀ yín, mo sì fẹ́ mọ̀ ká tó fẹnu kò.